Ọjọ́ Tí Mo Bá Wọn Lọ sí Ọgbà Ìṣeré

Bingerville, Abidjan
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2024

Àrífù ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bò ọ́ nínú òtútù Montréal. Ara mi le. Rufaidah ìyàwó rẹ náà ń jí ire. Ó ń lọ sí ilé oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀, ó sì ń dé kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n mo ń mu omi tẹ̀lé e.

Mo rí ohun tí o kọ nípa àwòrán tí ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé àṣẹ ìyàwó rẹ wò ń béèrè. O ní wọ́n fẹ́ rí ti ọjọ́ yìgì, wọ́n sì tún fẹ́ rí ti ọjọ́ ìgbádùn tọkọtaya, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní lune de miel. Ti yìgì kò ṣòro. Nítorí èkejì ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti jí fóònù rẹ ní Adjamé Roxy nígbà tó ku ọ̀la kí o wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí mo sì ti ní kí Rufaidah fi tirẹ̀ sílé lọ́jọ́ náà, kìkì àwòrán tí oníṣẹ́ fọ́tò inú ọgbà ìṣeré yẹn tẹ̀ fún wa ló kù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo yan mọ́kànlá, Nafissa ọmọ àbúrò mi sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ̀wé. Òun náà ló ń ya àwọn lẹ́tà mi sínú ẹ̀rọ kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní òun kì í ka ohun tí òun bá ń yà. Mo gbọ́.

Ọjọ́ náà dùn mọ́ mi, bí n kò tilẹ̀ sọ ọ́ nígbà náà. N kò dé irú ibẹ̀ rí. Pé kí ènìyàn tó ní làákàyè to ìlà nínú oòrùn, kí wọ́n lè so ó mọ́ àga, kí wọ́n gbé e sókè, kí ó máa ké, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó sì tún lọ to ìlà. Mo wò wọ́n títí.

Ọkùnrin ẹnu géètì yẹn náà ṣì wà lọ́kàn mi. Ó fi Faransé pè mí ní ìyá àgbà, ó ní, “La vieille, a kì í gbé oúnjẹ wọlé. Oúnjẹ wà nínú.” Mo ní mo mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú, n kò mọ ẹni tó sè é. Ó wo abọ́ atiéké tí mo fi ẹ̀gẹ́ sè, ó wo ìwọ àti ìyàwó rẹ.

“Tọkọtaya tuntun ni wọ́n?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ̀yin wá ńkọ́, Tantie?”

Mo ní èmi ni ìyá ọkọ. Ó ṣí géètì. Ó ní, “Ẹ máa gbé e wọlé. Ìyà tó wà nílẹ̀ ti tó wọn.” Mo rí i pé o yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

O mọ̀ pé nílé tiwa, ìyàwó tuntun kì í jáde kó tó pé ọjọ́ méje, àfi bí àgbà obìnrin ilé ọkọ bá bá a lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni ẹ yàn. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Bo ara rẹ dáadáa.

Ìyá rẹ,
Hàwáù


Montréal
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2024

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó, ẹ sì kú àmúmọ́ra iyọ̀. Ara mi yá. Iṣẹ́ fìríìjì ò dáwọ́ dúró. Ibi tí yìnyín ti bo gbogbo ìta, wọ́n ṣì ń pè mí pé fìríìjì ilé ìtajà àwọn ò tutù.

Mo rí fọ́tò mọ́kànlá gbà. Mo tò wọ́n sórí tábìlì. Màámi, ẹ wà nínú gbogbo wọn. Nínú kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè, ẹ̀yin lẹ wà láàárín. Níwájú ọkọ̀ ojú omi tó ń fì, ẹ̀yin lẹ wà láàárín. Kódà ibi tí wọ́n fi òdòdó pupa ṣe bí ọkàn, tí wọ́n kọ “Àwọn olólùfẹ́” sókè rẹ̀, ẹ̀yin lẹ dúró láàárín pẹ̀lú báàgì yín. Olúkáyọ̀dé tá a jọ ń gbé yàrá wò ó títí, ó ní, “Èwo ni ìyàwó níbẹ̀?” Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó ní òun ti wò ó dáadáa kóun tó béèrè.

Mo rántí pé fọ́tò ju mọ́kànlá lọ. Èyí tí atẹ́gùn gbé gèlè Rufaidah tí mo ń sáré mú un, mi ò rí i. Èyí tá a ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀ yẹn náà, mi ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, àwọn yẹn gan-an ni fáìlì ìwé àṣẹ nílò. Ẹ bá mi fi mẹ́rin tó kù ránṣẹ́.

Wọ́n máa pe Rufaidah lórí fóònù láìpẹ́ láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Kó fara balẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe wà nínú ẹ̀.

Ọmọ yín,
Àrífù


Bingerville
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2024

Àrífù ọmọ mi,

Mo kí ọ. O kú òtútù.

Mo ti fi iná sun àwòrán mẹ́rin tí o ń béèrè. Àjèjì ni yóò wo wọ́n, n kò sì mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Nínú ọ̀kan, orí ìyàwó rẹ wà níhòòhò. Nínú èkejì, ọwọ́ rẹ wà níbi tí ọwọ́ kì í gbé lójú aráyé. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀yin méjèèjì ń rẹ́rìn-ín débi pé a ń rí gògóńgò yín. Ẹ̀kẹrin kò burú, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀, mo sì rò pé ọ́fíìsì yóò béèrè ẹni tó ń ṣọ́ yín.

Mọ́kànlá tó kù yẹn bójú mu. Ẹnikẹ́ni tó bá wò wọ́n yóò mọ̀ pé ọmọ ilé ire ni ìyàwó rẹ.

Bá mi kí Olúkáyọ̀dé. Sọ fún un pé èyí tí kò gbé báàgì ni ìyàwó.

Ìyá rẹ,
Hàwáù


Montréal
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, ọdún 2024

Màámi,

Mo kí yín, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò dùn.

Ọ́fíìsì ti kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé ìgbéyàwó gidi lèyí. Wọ́n ní nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ ìgbádùn wa, kò sí ibì kan tí ọkọ àti ìyàwó ti wà ní àwọn nìkan. Wọ́n tún kọ ìdáhùn Rufaidah sínú ìwé náà. Wọ́n bi í pé kí lẹ ṣe lọ́jọ́ náà. Ó ní, “A bá Màámi lọ sí ọgbà ìṣeré.” Wọ́n ní lẹ́yìn náà ńkọ́. Ó ní, “A jẹ atiéké.” Wọ́n ní ìgbà wo lẹ̀yin méjèèjì dá wà. Ó ní, “A ò dá wà.” Wọ́n ní kí lọkọ rẹ fẹ́ràn. Ó ní, “Màámi ló mọ̀ ọ́n jù.”

Mo pè é pé kí ló dé. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ló ní nígbà tí wọ́n pe òun, ẹ jókòó síwájú òun, ẹ ń ṣa ẹ̀wà. Màámi, kí lẹ fẹ́ kí ọmọbìnrin tẹ́ ẹ kọ́ ní ìtìjú sọ lójú ìyá ọkọ rẹ̀?

Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni wọ́n fún wa láti fèsì. Bí a ò bá rí ohun gidi fi ránṣẹ́, wọ́n á ti fáìlì yẹn pa, a ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì nìyẹn, bóyá mẹ́ta. Fausiatou, obìnrin ará Treichville kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé níbí, wo gbogbo ẹ̀, ó ní ọ̀nà kan ló kù: kí ẹ kọ ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin lẹ bá wa lọ láàárọ̀, ẹ̀yin lẹ bá wa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ní gbogbo ayé, ẹ̀yin nìkan ni ẹlẹ́rìí wa.

Màámi, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Mi ò bẹ̀ yín ju ìyẹn lọ.

Àrífù


Bingerville
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024

Àrífù,

Mo gba ìwé rẹ. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́, ìwé ẹ̀rí ìwà tí mo ti fọwọ́ sí kò níye. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti kọ́ iṣẹ́ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó rí, kó sì mọ ohun tí kò yẹ kó rí. Ohun tó wà láàárín ọkọ àti aya kì í ṣe ohun tí ìyá ọkọ ń fọwọ́ sí. Mo lè jẹ́rìí sí yìgì. Mo lè kọ orúkọ àáfà àti iye àwọn tó jókòó. Èyí tó kù, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àkókò kò tíì tán. Bí wọ́n bá sì ti fáìlì náà pa, Rufaidah kò jìyà lọ́dọ̀ mi. Ó ti dín iyọ̀ kù. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń ka ìwé ìròyìn fún mi. Ó máa ń fo ibi tí kò bá dára, ó rò pé n kò mọ̀. Òun náà ló ń bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kò sí ohun tó ń lé e.

Ìyá rẹ,
Hàwáù


Montréal
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024

Màámi,

Mo kí yín. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ ní ó ti dín iyọ̀ kù. Ẹ ní ó ń ka ìwé ìròyìn fún yín. Ẹ ní ó ń mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ ò sọ pé ó ń sunkún. Nafissa ló sọ fún mi.

Ẹ dárí jì mí bí ọ̀rọ̀ yìí bá le jù. Ta ni mo fẹ́ ẹ fún?

Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni.

Àrífù


Bingerville
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 2024

Àrífù ọmọ mi,

Ó lé ní oṣù kan tí mo ti jẹ ọ́ ní ìdáhùn. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo fà á ya. Èyí ni mo fi sílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí tí o béèrè wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ní èdè Faransé ni mo kọ èyí tí ọ́fíìsì yóò kà, mo sì lọ fọwọ́ sí i níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo tún un kọ ní Yorùbá sísàlẹ̀ yìí, kí o lè mọ ohun tí mo sọ.

“Èmi, Hàwáù Adéṣínà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, olùgbé Bingerville, ni mo ń jẹ́rìí báyìí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2024, ọmọ mi Àrífù àti Rufaidah ìyàwó rẹ̀ lọ lo ọjọ́ ìgbádùn ìgbéyàwó wọn ní ọgbà ìṣeré kan lẹ́yìn Port-Bouët. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo bá wọn lọ.

Nínú àwòrán mọ́kànlá tó wà lọ́wọ́ yín, èmi ni mo wà láàárín. Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún wọn wò. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ òsì mi, ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ kò ní rí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi nínú ọ̀kankan, ẹ kò sì ní rí ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀. Mo mọ ibi tí ọwọ́ méjèèjì wà. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà. Nígbàkigbà tí oníṣẹ́ fọ́tò bá ti ní kí a dúró, wọ́n a di ara wọn lọ́wọ́ mú lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ ọ́n lára. N kò bojú wẹ̀yìn, nítorí bí mo bá bojú wẹ̀yìn, ó di dandan kí n sọ nǹkan.

Ní ọ̀sán, mo jókòó lábẹ́ igi àgbọn, mo di ojú mi. Ìyàwó ní, ‘Màámi ti sùn.’ Ọmọ mi ní, ‘Màámi kì í sùn lọ́sàn-án.’ Ìyàwó ní, ‘Wọ́n ń hanrun.’ Èmi kì í hanrun. Mo hanrun lọ́jọ́ náà. Wọ́n lọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń fì, mo sì la ojú wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, inú ìyàwó ti dà rú, ó sì bì sára ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Láti kékeré ni ọmọ mi ti máa ń sá fún ẹni tó bá ń bì. Bí àbúrò rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ìta ló ń sùn. Lọ́jọ́ náà, kò sá. Ó kúnlẹ̀ nínú yanrìn, ó bu omi, ó fọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kí ó tó fọ tirẹ̀. Ìyàwó ní, ‘Dìde, àwọn èèyàn ń wò wá.’ Ó ní, ‘Kí wọ́n máa wò. Gbé ẹsẹ̀ kejì.’

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo lò nílé ọkọ kí ọkọ mi tó kú. Bí mo bá rí ìgbéyàwó, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbéyàwó ni èyí.

Àwòrán mẹ́rin mìíràn wà tí ìbá fi èyí hàn yín. Èmi ni mo sun wọ́n. Ẹ má fi ìyẹn dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Nígbà tí ẹ sì bi ìyàwó ní ìbéèrè lórí fóònù, èmi ni mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ tún pè é. N kò ní sí nílé.”

Ibi tí ìwé ẹ̀rí parí sí nìyẹn. Èyí tó kù, ti ìwọ nìkan ni.

O béèrè ẹni tí o fẹ́ ẹ fún. Àṣà ọjọ́ méje tí mo ń sọ, mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é láyé ìyá ìyá mi. Èmi kò ṣe é. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ilé bàbá rẹ, a jọ lọ wo sinimá ní Treichville, àwa méjì péré, a sì rìn padà sílé lẹ́sẹ̀ nítorí a kò fẹ́ tètè dé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni n kò fi rí ọ. Ọjọ́ méjìlá lo fi wá. Ìpalẹ̀mọ́ yìgì gba mẹ́ta níbẹ̀, àwọn àlejò láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba márùn-ún. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ń lọ fún odindi ọjọ́ kan, mo wá àṣà, mo sì rí ọ̀kan.

Nafissa kò parọ́. Ó ń sunkún. Yàrá wa fara kan ara wọn. Mo mọ bí a ti í ṣe bí ẹni tó sùn.

Fi ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́ lónìí. Má dúró dọ̀la.

Ìyá rẹ,
Hàwáù


Montréal
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Màámi mi,

Ẹ kú ewu. Wọ́n ti gbà. Ìwé àṣẹ Rufaidah ti jáde lánàá. Ó ní òun ti sọ fún yín, pé ẹ ní “Ó dáa”, ẹ sì padà sídìí ẹ̀wà yín.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lórí ìwé, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé ẹ̀rí yẹn. Mo sọ̀kalẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí mo délé, mo tún kó fọ́tò mọ́kànlá yẹn jáde, mo ń ka ọwọ́. Òótọ́ lẹ sọ. A rò pé ẹ ò mọ̀.

Màámi, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Rufaidah ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìwé tiyín náà, kí ẹ jọ wá, kí ẹ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Mi ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. A lè dúró kí tiyín jáde, bó gba oṣù mẹ́rin, bó gba márùn-ún. Ọgbà ìṣeré wà níbí náà, ó tóbi ju ti Port-Bouët lọ. Àṣà ilé wa sáà ni pé ìyàwó kì í dá jáde.

Ọmọ yín,
Àrífù


Bingerville
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Àrífù ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Inú mi dùn sí ohun tí o bẹ̀ mí. Mo ní kí Nafissa tẹ ojú ìwé náà fún mi lọ́tọ̀, ní lẹ́tà ńlá.

Má dúró de ìwé mi. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ìyàwó tó bá ti lo oṣù mẹ́sàn-án nílé ọkọ lè dá jáde. Àṣà ni èyí náà. Láàárọ̀ yìí ni mo dá a sílẹ̀.

Nafissa yóò sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Port-Bouët. Èmi kò ní lọ. Mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà, òun náà sì ti sọ tirẹ̀. Ó sunkún díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ṣe bí ẹni tó sùn.

Bí ẹ bá dé ọgbà ìṣeré tí o wí yẹn, ẹ ya àwòrán dáadáa. Kí ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ hàn mí.

Ìyá rẹ,
Hàwáù